Kí Ẹ Tó Yọ Ọmọ Yín Kúrò ní Ilé Ìwé: Ohun Tí Ọdún Mẹ́ta Kọ́ Wa ní Chicago

Ìbéèrè méjì ni àwọn ènìyàn máa ń bi mí tí wọ́n bá gbọ́ pé ilé la ti ń kọ́ ọmọ wa. Àwọn ẹgbẹ́ mi, ìyẹn àwa tí wọ́n bí síbí tàbí tí wọ́n gbé wá ní kékeré, máa ń béèrè pé, "Ṣé òfin gbà á?" Àwọn àgbà kì í béèrè ti òfin. Tiwọn ni pé, "Kí lọmọ náà ṣe tí ẹ fi gba ilé ìwé lọ́wọ́ rẹ̀?" Ìbéèrè àkọ́kọ́ rọrùn láti dáhùn. Èkejì ló gba àkókò, mo sì mọ̀ pé òun gan-an ló ń dá ọ̀pọ̀ nínú yín dúró. Ẹ jẹ́ ká gbé méjèèjì yẹ̀ wò.

Ìhà àríwá Chicago là ń gbé, kò jìnnà sí ojú irin Red Line. Nọ́ọ̀sì ni mí. Ọjọ́ Ẹtì, Àbámẹ́ta àti Àìkú ni mo máa ń ṣiṣẹ́, wákàtí méjìlá-méjìlá. Bàbá wọn ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Ọmọ méjì la bí, obìnrin kan, ọkùnrin kan. Lẹ́yìn tí bàbá mi kú, màmá mi tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ kó wá sọ́dọ̀ wa.

Nígbà náà, ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún méje. Aago méje ààbọ̀ àárọ̀ ló ń kúrò nílé, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ló ń wọlé. Kó jẹun, kó wẹ̀, kó sùn, ọjọ́ ti parí. Ọjọ́ tí òun bá wà nílé, èmi wà níbi iṣẹ́. Mo jókòó lọ́jọ́ kan mo ṣírò wákàtí tí èmi àti ọmọ yìí fi ń ríra wa lọ́sẹ̀ tí ojú àwa méjèèjì là sílẹ̀. Kò pé mẹ́rìnlá. Ilé ìwé rẹ̀ kò burú o. Ènìyàn dáadáa ni tíṣà rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ pọ̀ nínú kíláàsì náà, ọmọ mi sì ti kọ́ ọgbọ́n kan: ó ń wo àwòrán, ó ń méfò ọ̀rọ̀. Tí ìwé bá ní àwòrán ẹṣin, tí wọ́n kọ "pony" síbẹ̀, "horse" ni yóò kà jáde, kò sí wàhálà. Wọ́n ní kí á fọkàn balẹ̀, pé yóò bọ́ sójú ọ̀nà. Ọdún kan kọjá, kò tíì bọ́ sójú ọ̀nà.

Ohun kejì wà níbẹ̀. Màmá mi ń sọ Yorùbá sí i, òun ń fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn. Ẹ̀yin náà mọ ìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wa la ti ṣe é fún àwọn òbí tiwa.

Bí èmi àti bàbá wọn ṣe fẹnu kò pé ká gbìyànjú rẹ̀ nìyẹn. Mo wá lọ sọ fún màmá mi.

"Màámi, à ń rò ó pé ká máa kọ́ ọ nílé."

"Kọ́ ta ni?"

"Ọmọ yín. Ká máa kọ́ ọ fúnra wa."

Ó gbé ẹ̀fọ́ tó ń já sílẹ̀. "Bàbá rẹ wa táàsì nínú yìnyín nílùú yìí fún ọdún mọ́kàndínlógún. Kí ló torí ẹ̀ ṣe é? Ṣebí torí ilé ìwé ni! Ìwọ wá fẹ́ mú ọmọ kúrò níbẹ̀."

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àgbà tí kò lajú ni. Ọjọ́ 17 oṣù Kínní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń darí, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Màmá mi wọlé ní 1958. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti dàgbà jù nígbà tí ètò náà fi dé, ọjà ni wọ́n fi í sí. Títí ẹ̀gbọ́n yẹn fi kú, ẹlòmíràn ló ń bá a ka lẹ́tà rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí màmá mi gbọ́ "ọmọ kò lọ sílé ìwé", ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń rí. Kò sí àlàyé òfin tàbí ìwé ìwádìí tó lè gba ọ̀nà ibẹ̀ kọjá.

Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ ni pé a kò bá a jiyàn. A bi í pé kí ló máa fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó rò ó fún ọjọ́ mélòó kan, ó sì fún wa ní àdéhùn mẹ́ta: ọdún kan péré, kí ọmọ máa kàwé sókè sí òun létí ní gbogbo ọjọ́ Ajé, tí kò bá sì sàn ju bó ṣe wà lọ nígbà tí ọdún bá yípo, kó padà. A gbà. Èmi náà bẹ àǹfààní kan: kí òun jẹ́ tíṣà Yorùbá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ ò lówó oṣù mi."

Tí ẹ bá ní òbí láàyè tó ń lòdì sí i, ẹ wá ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á gan-an, kí ẹ sì fi í sínú ètò yín. Yóò wúlò ju kí ẹ máa ka àǹfààní rẹ̀ fún un lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sọ ti òfin.

Ní Illinois, ilé tí òbí ti ń kọ́ ọmọ dúró gẹ́gẹ́ bí ilé ìwé aládàáni. Ẹjọ́ kan ló fìdí èyí múlẹ̀, People v. Levisen, tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ yìí dá ní 1950. Ìdílé Levisen, ọmọ ìjọ Seventh-day Adventist, ń kọ́ ọmọbìnrin wọn nílé, wọ́n sì pè wọ́n lẹ́jọ́ pé wọn kò rán an lọ sílé ìwé. Ilé ẹjọ́ dá wọn láre. Ìtumọ̀ ìdájọ́ náà ni pé kí ọmọ kẹ́kọ̀ọ́ ni òfin ń wá, kò ní dandan ibi tó ti máa kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n wọ́n fi kún un pé òbí tó bá yan ọ̀nà yìí ló gbọ́dọ̀ lè fi hàn pé òun ń kọ́ ọmọ náà dáadáa, pẹ̀lú òótọ́ inú. Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn. Òun ló jẹ́ kí n máa tọ́jú ìwé.

Láti ọmọ ọdún mẹ́fà dé mẹ́tàdínlógún ni òfin ti mú ẹ̀kọ́ ní dandan. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ mẹ́fà ló wà níbẹ̀: èdè, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, iṣẹ́ ọnà, àti ìdàgbàsókè ara pẹ̀lú ìlera. Illinois kò sọ pé kí òbí gba ìwé ẹ̀rí tíṣà, kò sì sọ pé kí ọmọ ṣe ìdánwò ìjọba. Fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wù ló ń kọ ọ́. Ohun tí kò yẹ kí ẹ fò ni lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ìwé pé ẹ ti mú ọmọ yín kúrò, àti ọjọ́ tí ẹ mú un kúrò. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Tí ọmọ bá kàn dẹ́kun lílọ, orúkọ ọmọ tó ń sá nílé ìwé ni wọ́n máa kọ fún un, wọ́n á sì máa wá yín kiri.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìpínlẹ̀ míràn, ẹ má fi ti Illinois ṣe. Ní New York, òbí ń fi ètò ẹ̀kọ́ ránṣẹ́, ó sì ń kọ ìròyìn ní ìgbà mẹ́rin lọ́dún. Ní Pennsylvania náà, ìwé púpọ̀ wà láti kọ. Níbí pẹ̀lú, nǹkan lè yí padà. Ní 2025, wọ́n gbé àbá òfin kan, HB 2827, wá sí Springfield, èyí tí ì bá mú kí àwọn òbí máa fi tó ìjọba létí. Ọ̀pọ̀ òbí wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀ láti ta kò ó, ìjókòó ìgbà ìrúwé ọdún náà sì parí láìsọ ọ́ di òfin. Ẹ yẹ òfin wò fúnra yín lọ́dọọdún.

Nǹkan méjì míràn. Ọmọ tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nílé lè lọ ṣe iṣẹ́ díẹ̀ ní ilé ìwé ìjọba tí àyè bá wà, bí orin tàbí sáyẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ti kọ̀wé béèrè kó tó di ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún fún ọdún ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀. Èkejì, tí ọmọ yín bá ní IEP, tó ń gba ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ tàbí ìrànlọ́wọ́ míràn nílé ìwé, ẹ bèèrè kí ẹ tó yọ ọ́. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí àwọn ìrànlọ́wọ́ yẹn kò ní rí bákan náà mọ́ tó bá ti kúrò.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ wà nínú òfin Illinois tó máa ń ba àwa Yorùbá lẹ́rù: Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n fi kọ́ ọmọ ní àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yẹn. Ṣé èdè wa ti di èèwọ̀ nìyẹn? Rárá. Ìjà yìí ti pẹ́ nílùú yìí, àwọn tó ṣáájú wa sì ti jà á. Ní 1889, Illinois ṣe òfin tí wọ́n ń pè ní Edwards Law, tó fẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè ìkọ́ni títí dé ilé ìwé àwọn ìjọ. Inú bí àwọn ará Jámánì, Lutheran àti Kátólíìkì, torí èdè wọn ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ wọn. Ní 1892, wọ́n wà lára àwọn tó dìbò fún John Peter Altgeld, ọkùnrin tí wọ́n bí ní Jámánì, ó sì di gómìnà. Ní 1893, wọ́n pa òfin náà rẹ́. Dandan Gẹ̀ẹ́sì padà wọlé nígbà tó yá, ṣùgbọ́n ní 1923, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá Robert Meyer láre, tíṣà kan ní Nebraska tí wọ́n bu owó ìtanràn lé torí pé ó fi èdè Jámánì kọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá kan ní ìwé kíkà. Láti ìgbà náà, kò sí ìpínlẹ̀ tó lè sọ pé kí ẹ má kọ́ ọmọ yín ní èdè míràn. Ohun tí àwa ń ṣe rọrùn: ẹ̀ka mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà ní Gẹ̀ẹ́sì, a sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Yorùbá wà lórí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ tirẹ̀.

Ṣé kò ní da ọmọ lórí rú? Ìbéèrè yìí náà ti ní ìdáhùn láti ilé. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé ìwé St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́. Fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ohun gbogbo, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan lára ẹ̀kọ́. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn ọmọ tó yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta bí ìṣe ìgbà náà. Àwọn ọmọ Yorùbá yẹn kò rẹ̀yìn, wọ́n tún ṣe dáadáa jù, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Chicago kì í ṣe Mọdákẹ́kẹ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ó tó láti lé ẹ̀rù lọ.

Èmi fúnra mi rí ohun tí n kò retí. Álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá ní lẹ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, bí wọ́n ṣe kọ ọ̀rọ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é. Kò sí àyè fún méfò-méfò. Nígbà tí màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọ yìí ní "bá, bà, ba", tí kò sí àwòrán kankan lójú ìwé, ó di dandan kó wo lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Láàárín oṣù mẹ́rin, ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. N kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí fún gbogbo ọmọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa ni mò ń sọ.

Báwo lọjọ́ wa ṣe ń lọ? Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́bọ̀ ni iṣẹ́ gidi. Wákàtí méjì ààbọ̀ tó ọmọ ọdún méje, tí ẹ bá jókòó tì í. Ìwé kíkà la fi ń bẹ̀rẹ̀, kó tó rẹ̀ ẹ́. Ìṣirò tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn oúnjẹ, màmá mi gbà á. Òǹkà Yorùbá nìkan tó ìṣirò lọ́tọ̀: mẹ́rìndínlógún jẹ́ ogún tí a yọ mẹ́rin nínú rẹ̀; márùndínlógójì jẹ́ ogójì tí a yọ márùn-ún kúrò. Tí màmá mi bá pe márùndínláàádọ́ta, ọmọ á kọ́kọ́ wá àádọ́ta, ìyẹn ọgọ́ta tí a yọ mẹ́wàá, kó tó tún yọ márùn-ún. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ ṣe é lórí láìka ìka, ó sáré yí pálọ̀ ká. Ọjọ́ Ẹtì jẹ́ ti bàbá wọn ní ìrọ̀lẹ́: iṣẹ́ ọwọ́, tàbí bọ́ọ̀lù ní páàkì.

Ọ̀sán ọjọ́ Ọjọ́rú la fi ń jáde. Ìlú yìí kún fún ilé ẹ̀kọ́ tí kò gba owó. Ilé ìkàwé Chicago kò gba owó ìtanràn ìwé tó pẹ́ mọ́ láti oṣù Kẹwàá ọdún 2019, nítorí náà ẹ kó ìwé bí ó ṣe wù yín. Ní Garfield Park Conservatory, tí wọ́n ṣí ní 1908, igi kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà lábẹ́ gíláàsì. Màmá mi dúró síwájú igi kòkó yẹn ní oṣù Kejì, òtútù ń ta bí abẹ́rẹ́ níta, ó sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń la kòkó, bí wọ́n ṣe ń sá a. Ní Art Institute, ọmọ tí kò tó ọdún mẹ́rìnlá kì í sanwó. Òpó ààfin Ìkẹ́rẹ́ tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ láàárín 1910 sí 1914 wà níbẹ̀: ọba jókòó, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ga jù ú lọ. Ọmọ mi béèrè pé, "Grandma, kí ló dé tí ìyàwó fi ga ju ọba lọ?" Wákàtí kan gbáko la fi sọ ọ́. Iṣẹ́ ọnà nìyẹn, ìtàn nìyẹn, Yorùbá nìyẹn, lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mo kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀.

Ìwé àkọsílẹ̀ wa kò le. Ìwé kan tí mò ń kọ ọjọ́ àti ohun tí a ṣe sí, ìlà mẹ́ta tó. Àpótí kan fún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Àkójọ orúkọ ìwé tó kà. Ohun tí a ra lọ́dún àkọ́kọ́ kò tó 300 dọ́là. Ìnáwó tòótọ́ ni owó oṣù tí ènìyàn kò lè lọ gbà nígbà tó ń kọ́ ọmọ. Ẹ ṣírò ìyẹn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí tọkọtaya sì jọ ṣírò rẹ̀.

N kò ní tàn yín jẹ. Ó ń rẹni. Oṣù Kínní sí oṣù Kẹta, tí yìnyín ti gbogbo ènìyàn mọ́lé, ọmọ á sunkún, ìyá náà á fẹ́ sunkún. Ó ń ṣe ọmọ bíi kó rí ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ ní láti wá ẹgbẹ́ fún un lójú méjèèjì: àwọn ìdílé míràn tó ń kọ́ ọmọ nílé, ẹ̀kọ́ ìlùwẹ̀ẹ́ ní páàkì, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Tí ẹ̀yin méjèèjì bá ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀sán, tí kò sí àgbà nílé, ẹ má fi ipá ṣe é. Wákàtí kan Yorùbá lálẹ́ pẹ̀lú ilé ìwé ìjọba dára ju ilé ẹ̀kọ́ inú ilé tí kò sí ẹni tó ń kọ́ni níbẹ̀ lọ.

Ní òpin ọdún àkọ́kọ́, màmá mi fi ìwé tí ọmọ kò rí rí síwájú rẹ̀. Ó ka ojú ewé mẹ́ta láìdúró. Ó tún ka ojú ewé kan ní Yorùbá, ó ṣi ohùn ọ̀rọ̀ méjì pè, màmá mi tún un ṣe. Kò yìn wá. Ó kàn ní, "Ó dáa. Ọdún kan sí i." Bí a ṣe ń tún àdéhùn náà ṣe lọ́dọọdún nìyẹn.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin pé ọdún márùn-ún báyìí. Ọmọ tó fẹ́ràn ariwo ni, ó fẹ́ wọ ọkọ̀ ilé ìwé aláwọ̀ yẹ́lò, ó sì ti sọ fún gbogbo ènìyàn. Ilé ìwé ìjọba ló ń lọ ní oṣù Kẹjọ. Àwọn kan ti ń bi mí pé ṣé a ti yí ọkàn padà ni. Rárá o. Ọmọ méjì kì í rí bákan náà. Tirẹ̀ ni pé tó bá ti dé ní ìrọ̀lẹ́, màmá mi ń dúró dè é pẹ̀lú bá, bà, ba.